Wọ́n Ní Kí N Sáré, Wọ́n Fi Kúbùsù Bò Mí

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti ọsibítù lẹ́yìn àrùn ọrùn líle, tí ẹ ń di ògiri mú kí ẹ tó lè dé ilé ìwẹ̀, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Etí kan ṣoṣo ni mo fi ń gbọ́rọ̀, nítorí náà bí mo bá ń pariwo, ẹ má bínú. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dókítà yọ yín lẹ́nu, èmi náà ò gbọ́ ọ. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Bí ẹ bá dé ibi tó pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín yín dáadáa. Èmi pàápàá ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àwáwù lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ràfíù ni gbogbo àdúgbò Tampouy mọ̀. Ọmọ Ẹjìgbò ni mí. Ọkọ mi ló mú mi wá sí Wagadugu. Òun ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ àti mobilẹ́ẹ̀tì ní ọjà ńlá, èmi ń ta abọ́ tánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayé ọ̀tun ni nígbà náà. Àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù wọn, Haute-Volta, orílẹ̀-èdè tí a wà, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àsíá tirẹ̀ sókè, àwọn Mọ̀sí tó ni ìlú sì ń rìn nígboro bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilẹ̀ bàbá rẹ̀ padà fún. Ọmọ mẹ́ta la bí: Ràfíù, Sàlámọ̀ àti Síkírá. Síkírá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni. Ẹ̀yìn mi ni ilé rẹ̀. Mo ń pọ̀n ọ́n rajà, mo ń pọ̀n ọ́n dáná, ó wà lẹ́yìn mi tí mo bá ń bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ lédè Jùlá. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ́nrẹ́n, igbe!

Orí fífọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ọdún náà gbẹ. Eruku pupa ń bo abọ́ mi, mo ń nù ún, ó tún ń bò ó. Mo ní eruku náà ló ń fọ́ mi lórí. Mo gbé Nifakínì mì, oògùn ibà tí gbogbo ènìyàn ń lò níbí, mo fi gèlè di orí mi pinpin, mo ń tajà mi lọ. Nígbà tí mo máa délé, ara mi ti gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo bì, mo sùn. Ní ìdájí, Sàlámọ̀ ṣílẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ wọ̀ mí lójú bí ata. Mo ní, "Tì í! Ti ilẹ̀kùn yẹn!" Ọmọ náà sá jáde.

Mo dìde láti kírun àárọ̀, ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ibà. Mo ní kí n tẹ̀ fún rúkúù, ẹ̀yìn ò fẹ́. Mo ní kí n forí kanlẹ̀, ọrùn kọ̀ jálẹ̀. Ó dúró gan-an bí igi. Láti kékeré ni mo ti ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run, ara ò kọ̀ fún mi rí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá ní ibà, tí kò sì lè mú àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́ tán. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ìyá Múfú, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tí a jọ ń gbé inú agboolé kan, ní òtútù ni. Ó fi òrí pa mí lọ́rùn títí ọrùn náà fi ń dán, síbẹ̀ kò tẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ gba hántú wá lọ́wọ́ ààfáà, omi tí wọ́n fi fọ wàláà. Mo mu ún, mo bì í. Ló bá ní ẹnì kan ló di ọrùn mi lọ́jà, nítorí pé abọ́ mi ń yá ju tiwọn lọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wá ọkọ̀ gbé e lọ sí Ẹjìgbò. Àwọn àgbà ilé á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i."

Ọkọ mi kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn, ṣùgbọ́n ó jiyàn lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ẹjìgbò jìnnà. Ọsibítù ló wà nítòsí." Mi ò lè dá jókòó lórí mobilẹ́ẹ̀tì, ni ó bá fa ọ̀já tí mo fi ń pọn Síkírá yọ lórí okùn tí a sá a sí, ó ní kí wọ́n fi so mí mọ́ òun lẹ́yìn. Bí ọkùnrin ṣe pọ̀n mí la ìlú kọjá nìyẹn o, èmi abiyamọ! Àwọn Mọ̀sí dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Ojú ò ráàyè tì mí, mi ò lè là á.

Ọsibítù kún àkúnya. Abẹ́ igi dóńgóyárò ni wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn tí kò ráàyè nínú ilé. Obìnrin kan gbé ọmọ dání, ọmọ náà ti tẹ̀ kọdọrọ sẹ́yìn, kò sì sunkún. Ìlà gùn. Bàbá Mọ̀sí arúgbó kan tó wà níwájú pátápátá wẹ̀yìn, ó rí mi lẹ́yìn ọkọ mi, ó sì fà wá lápá wá sí àyè tirẹ̀. "Laafi," ó ń wí, "laafi." Àlàáfíà ló ń tọrọ fún wa; ọ̀rọ̀ kan náà ni, tiwa kàn gùn díẹ̀ ni. Ọkọ mi ń dúpẹ́, "Barka, bàbá, barka." Títí dòní a ò mọ ibi tí bàbá náà bá wá, a ò sì mọ̀ bóyá ara tirẹ̀ dá.

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ bi ọkọ mi, èmi ò sí nílé. Nígbà tí mo padà lajú, apá òsì gbogbo ayé ti dákẹ́. Ibùsùn tó wà lápá ọ̀tún mi ṣófo, ẹni tó sì wà lápá òsì kì í ṣe ẹni tí mo bá níbẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì, ó kàn ń tún aṣọ ibùsùn mi ṣe. Mo wo ọwọ́ mi. Mo ká ìka mi kò, mo nà wọ́n. Subuhánálláhì! Ó ṣì ń gbọ́ tèmi. Mo tún ká a kò, mo tún nà án, bí ọmọ tuntun tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣeré. Kí ni mo ṣe tí wọ́n fi fi mí sílẹ̀, tí wọ́n mú àwọn yòókù? Ẹnu ń yà mí títí dòní olónìí.

Ọmú mi ti gbẹ. Ọkọ mi ti ta mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nítorí oògùn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá wò mí láti Tampouy. Nígbà tí mo gbọ́, mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Dákẹ́ jàre. Ṣé orí mobilẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bí mi sí ni?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi máa dá mi sílẹ̀, dókítà tó ń tọ́jú mi, òyìnbó gíga kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, dúró ní ẹsẹ̀ ibùsùn mi, ó bá wa sọ̀rọ̀. Àbúrò ọkọ mi ló ń túmọ̀. Mo bá a nílé ọkọ, nítorí náà mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni mò ń pè é, nítorí bírò tí kì í kúrò lápò ẹ̀wù rẹ̀. Òun ló ń tẹ̀ lé àwọn ará wa lọ sí bureau, ọ́fíìsì ìjọba, tó ń bá wọn sọ Faransé. Dókítà na ìka sí mi, ó sọ̀rọ̀ wìtìwìtì, ohun tó ṣáà ń padà sí ni "courir, courir." Akọ̀wé ń mi orí pé òun gbọ́: "D'accord, dókítà. D'accord." Ó wá yíjú sí wa, ó tún ọ̀fun ṣe. Ó ní, "Ó ní kí ẹ máa bò ó. Lójoojúmọ́. Kí ẹ má jáfara o."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Wagadugu, ẹ mọ ìgbà ooru tó ṣáájú òjò, tí ewúrẹ́ fi ń bá ènìyàn du ibòòji. Ìgbà náà ni Ìyá Múfú gbé kúbùsù Mọ̀sí jáde, àwọn tó nípọn tí wọ́n fi òwú hun, ó bò mí láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wò ó, ó ní kò tó. Ó gbé èkejì lé e. Òógùn ń ṣàn lára mi dé orí ẹní. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń jinná o." Ó ní, "Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbí kì í ṣe ọsibítù lẹ fẹ́?" Ràfíù yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí títí, ó ní, "Màámi ti di ọ̀lẹ̀lẹ̀." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ kúbùsù, bẹ́ẹ̀ ni mò ń sunkún.

Bí mo bá sì yọ́ jáde láti rìn, ilẹ̀ á máa yí. Mò ń lọ sápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ń gbé mi lọ sósì. Mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó ti mu dòlò yó, ọtí ọkà tí àwọn Mọ̀sí ń pọn. Èmi ọmọ mùsùlùmí! Àwọn obìnrin tó ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ ń wo ara wọn lójú tí mo bá ń kọjá, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń rò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti Síkírá nìkan la wà lágbàlá. Ó rá wá bá mi, ó nawọ́. Abiyamọ wo ló máa rí i tí kò ní gbé e? Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn, mo gba ọ̀já. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì, ni ilẹ̀ bá yí pátá. Mo fi àyà gba ilẹ̀ kí n má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò fara pa, ẹ̀rù ló bà á, ó ń ké tòò. Ìyá Múfú sáré jáde. Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó rọra tú ọ̀já láyà mi, ó pọn ọmọ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó fi ọ̀já kan náà gbà á. Ó ní, "Ìyàwó, má pọn ọmọ yìí mọ́."

Ọ̀rọ̀ tó bá ọkọ mi sọ lẹ́yìn ìyẹn, etí mi kan gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń lọ sílé, ó máa gba Pó, gba Kùmásì. Kí wọ́n gbé mi sínú rẹ̀ kí òjò tó ba ọ̀nà jẹ́. Kí àwọn ìyá mi tọ́jú mi nílé. Síkírá á wà lọ́dọ̀ òun. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti gbé lọ bẹ́ẹ̀ rí. Tí wọ́n bá padà, bí wọ́n bá padà, ọmọ wọn á máa pe ẹlòmíràn ní ìyá, á sì máa kí wọn bí àlejò. Mo fi kúbùsù bo orí mi, mo bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi ní ẹ̀yìn mi padà. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún etí.

Kí ọkọ̀ tó lọ, ọjọ́ tí ọsibítù ní kí n padà wá pé. Akọ̀wé ti bá ẹnì kan lọ sí bureau, èmi àti ọkọ mi nìkan la lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, obìnrin ẹ̀yà Bobo kan tó fẹ́ràn ẹ̀rín, gbọ́ pé mo gbédè Jùlá. Dókítà béèrè nǹkan kan, ó sì yíjú sí mi. Ó ní ṣé mò ń boli? Sísáré ni Jùlá ń pè ní boli.

Mo ní, "Kí n boli? Kí ló ń lé mi?"

Ó ní, "Dókítà ní òun ti sọ fún yín pé kí o máa rìn, kí o sì máa sáré lójoojúmọ́."

Mo ní, "Rárá o! Kí wọ́n máa bò mí ló wí. Wọ́n sì ń bò mí dáadáa, ojú mi rí màbo."

Ọkọ mi rò pé wọ́n ń bi wá bóyá a gbọ́ràn. Ó fi gbogbo Faransé tó mọ̀ gbè mí lẹ́sẹ̀, ó na ìka méjì: "Deux couvertures, docteur!" Kúbùsù méjì, dókítà!

Ẹ̀rín gba ẹnu nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ó jókòó. Courir ni sísáré lédè Faransé, couvrir ni bíbo nǹkan. Akọ̀wé wa gbọ́ Faransé o, ẹ má bà á jẹ́, eléyìí kàn yára kọjá létí rẹ̀ ni. Dókítà tí a ò rí eyín rẹ̀ rí bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sọ́wọ́, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkọ mi ń wo gbogbo wa lójú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ fi àṣẹ dókítà se ìyàwó mi jẹ!"

Lẹ́yìn ẹ̀rín ni mo wá gbọ́ ohun tó ju ẹ̀rín lọ. Dókítà bu omi sínú ife, ó gbé e sọ́wọ́, ó rọra tẹ ife náà sápá kan, omi sì dúró pẹrẹsẹ nínú rẹ̀. Ó ní irú omi bẹ́ẹ̀ wà nínú etí ènìyàn, òun ló ń sọ fún ara ibi tí òkè wà àti ibi tí ilẹ̀ wà. Ti etí òsì mi ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ojú mi, àtẹ́lẹsẹ̀ mi àti etí mi kejì lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, bí mo bá ń fún wọn níṣẹ́ ṣe lójoojúmọ́. Bí mo bá jókòó tẹtẹrẹ, wọn ò ní kọ́ ọ láé. Háà! Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo rò pé yẹtí àti òfófó ni Ọlọ́run ṣe etí fún. Ìdúró mi ló fi pamọ́ síbẹ̀! Mo di etí mi mú títí a fi délé, bí ẹni tó di ẹyin mú.

Ó kù ká rí àkókò sáré. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ bí àárọ̀ ilé wa ṣe rí: ẹ kírun, ẹ pọnmi, ẹ dáná ẹ̀kọ, ẹ wẹ ọmọ, èyí ń lọ ilé kéú, èyí ń lọ ilé ìwé Faransé, ọjà ń dúró. Ọkọ mi ní bí a bá ti kírun tán, kí omi tó kàn, ká sáré díẹ̀ lójú títì. Òun á wà lẹ́yìn mi, á nawọ́ méjèèjì kí n má baà ṣubú. Ó dára. Mo ká ìró mi sókè, mo bẹ̀rẹ̀, mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọkọ mi tẹ̀ lé mi, ó nawọ́ méjèèjì, ó ń pariwo, "Máa lọ! Máa lọ!"

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn bàbá wa ń jáde láti mọ́sálásí.

Wọ́n rọ́ mọ́ ọkọ mi. Ẹnì kan di í ní ẹ̀wù, ẹnì kan di í ní apá. "Bàbá Ràfíù! Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é! Aláìsàn lẹ fẹ́ nà?" Bàbá kan ju sálúbàtà sílẹ̀, ó sáré bá mi, ó ń tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀: "Sá wọlé, ìyá, sá wọlé!" Ẹ̀rín pa mí, mo ṣubú lulẹ̀, wọ́n wá gbà pé òótọ́ ló ti nà mí. Ọkọ mi ń ṣàlàyé pé dókítà ló ní kí n sáré, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Bàbá tó ju sálúbàtà sílẹ̀ yẹn wò wá, ó ní, "Àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Èwo nínú méjèèjì?"

Kí oòrùn tó ga, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà ṣáájú wa. Ìyá Múfú pe wá jókòó. Ó ní, "Wọ́n ní àbúrò mi ń lé ìyàwó rẹ̀ tí ń ṣàìsàn kiri àdúgbò. Ó tó. Ọkọ̀ ń lọ, ẹ jẹ́ kó lọ." Síkírá wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi títí òjò á fi lọ. Bí mi ò bá lè sáré láti ibí dé bàráàjì kí n sì padà láìdi nǹkan kan mú, ẹ gbé mi sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní sunkún." Bàráàjì ni adágún omi tí ìjọba sé sí etí àdúgbò wa. Kò jìnnà fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Lójú mi nígbà yẹn, Mẹ́kà ni.

Ó tún Síkírá pọ̀n dáadáa. "Dé bàráàjì?"

"Àti àbọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "Bí o bá ṣe é, ọwọ́ mi yìí ni màá fi pọ̀n ọ́n sí ọ lẹ́yìn." Ó dìde, ó wọlé. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun náà nítorí ọmọ.

Ọkọ mi ló rí ọgbọ́n rẹ̀. Ó kó àgbá kẹ̀kẹ́ méjì tí kò tà, ó kan pákó mọ́ ọn, ó ṣe ọmọlanke tí a lè fi gbé garawa omi. Ẹ wo ọgbọ́n o: ẹni tó ń sáré lọ́wọ́ òfìfo, gbogbo ayé á bi í pé kí ló dé. Ẹni tó ń ti ọmọlanke tó ń sáré, wọ́n á yà fún un lọ́nà. Mo rí nǹkan dì mú, mo rí omi pọn, mo sì rí eré sá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àlọ tí garawa ṣófo, mo ń sáré. Àbọ̀ tí omi kún, mo ń rìn. Ọkọ mi jókòó ti ẹ̀kọ. Ó kọ́kọ́ jó o, ó ṣe kókó, àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jìyà. Sàlámọ̀ ń gbálẹ̀. Ràfíù ń rìn lápá etí mi tó ń gbọ́rọ̀, ó ń ka iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lédè Faransé fún mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbé ẹsẹ̀ sí i.

Òjò dé, ẹrẹ̀ dé. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò lè sáré: Sàlámọ̀ ń ṣàárẹ̀, tàbí ọjà ti dé láti Kùmásì, tàbí inú kàn bí mi sí ẹsẹ̀ ara mi. Mo ṣubú, omi dànù, mo bú ọmọlanke. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojoojúmọ́ ló máa ń ṣeé ṣe nínú ilé tí ọmọ wà. Bí òní bá bọ́, ẹ mú ọ̀la. Ìyá Múfú ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Ní àárọ̀ kan, ó gbé Síkírá wá, ó gbé e jókòó sáàárín àwọn garawa. Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ kọ́ nìyẹn o. Ọmọlanke ni." Mo ní, "Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n." Síkírá pàtẹ́wọ́ títí a fi dé ẹnu ẹ̀rọ tó wà lọ́nà bàráàjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àárọ̀ tó yà mí lẹ́nu jù. Òjò ti ń lọ sópin. Síkírá ò sí nínú ọmọlanke, garawa nìkan ni. Ọ̀nà bàráàjì gbẹ, oòrùn ń là lójú omi, àwọn ẹyẹ funfun dúró sí etí rẹ̀. Mo ń sáré, mo sì ṣàkíyèsí pé nǹkan kan ti yàtọ̀, mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ ò yí. Ó tẹ́ síbẹ̀ bí ìgbà tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ. Mo jáwọ́ lára ọmọlanke. Ó ń lọ, èmi náà ń lọ. Àwa méjèèjì ń lọ, kò sẹ́ni tó di ẹnìkejì mú. Ọmọlanke kọlu igi, ó dúró. Èmi ò dúró. Nígbà tí mo dé etí omi, mo forí kanlẹ̀ sínú iyanrìn, ọrùn mi sì tẹ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ọkàn mi tó ń lù kìkì nínú etí kan tó kù fún mi, mo ní, Ìwọ tí O kó gbogbo èyí sínú ara ènìyàn, O tóbi.

Òjò lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń relé ti wà ní ibùdókọ̀. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, Ìyá Múfú jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, Síkírá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ mi wà nídìí ẹ̀kọ, ó ń rò ó, ó ń rò ó, kò mọ̀ pé iná ti kú. Mi ò mú ọmọlanke. Mo ká ìró mi sókè, mo lọ. Mo dé bàráàjì. Mo fọwọ́ kan omi kí ẹnikẹ́ni má baà ní n kò dé ibẹ̀. Mo padà. Àwọn bàbá ti jáde ní mọ́sálásí, wọ́n yà fún mi, kò sẹ́ni tó di ẹnikẹ́ni mú. Mo dúró níwájú Ìyá Múfú, mò ń mí gúlegúle, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì wà lórí ilẹ̀ ṣánṣán.

Ó sún mọ́ mi. Omi wà lójú rẹ̀. Ó tú ọ̀já láyà rẹ̀, ó ní, "Bẹ̀rẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn. Áà, ó ti wúwo! Mi ò mọ̀ pé ó ti wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo nawọ́ sẹ́yìn láti gba ọ̀já.

Síkírá ń ta wíríwírí. "Sọ̀! Sọ̀!" Ó fi orúnkún tì mí nídìí, ó yọ̀ bọ́ọ́lẹ̀ kí ọ̀já tó kàn án. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó wò mí. "Sáé," ó ní. "Màámi, sáé!" Ó sì fi eré gé e, ó ń ju apá, ọ̀nà bàráàjì ló dojú kọ.

Èmi dúró síbẹ̀, ọ̀já wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mò ń wá ẹ̀yìn mi kiri, ọmọ ti dàgbà kúrò ní ẹni ẹ̀yìn. Ọkàn mi gbọgbẹ́, mi ò ní purọ́. Ìyá Múfú ló ta mí jí. Ó ní, "Kí lo dúró ń wò? Lé e!"

Mo lé e.

Ọdún díẹ̀ ti kọjá. Síkírá ń lọ ilé ìwé, ara mi le. Etí òsì mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bí mo bá yí kíákíá níbi tó ṣókùnkùn, ilẹ̀ ṣì máa ń mì díẹ̀, mo sì máa ń di ògiri mú láìtijú. Ọkọ mi ti ra mobilẹ́ẹ̀tì mìíràn, ẹ̀kọ tirẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ báyìí. Akọ̀wé ṣì ń túmọ̀ fún àwọn ará wa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ dúró ná: ṣé courir ni àbí couvrir? Àárọ̀ tó bá gbà mí láyè, èmi àti Síkírá ń sáré lọ sí bàráàjì kí omi tó kàn.

Bàbá tó ju sálúbàtà sílẹ̀ nítorí mi lọ́jọ́sí ṣì wà. Ó ti gbó, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun. Bí mo bá ń sáré kọjá, á gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, á béèrè ohun tó béèrè lọ́jọ́ náà: "Ìyá Ràfíù! Èwo nínú méjèèjì?"

Mo mọ ohun tó lé mi nígbà kan: ikú ni. Mo rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Síkírá ti fẹ́ yà ní kọ̀rọ̀, mi ò ráàyè dúró ṣàlàyé.

"Èmi ni mò ń lé e, Bàbá! Èmi ni mò ń lé e!"